Ohùn Kẹta ní Ìdí-Àràbà

"Ó dún, mà," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí. "Ó dún ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ó wà nínú àkọsílẹ̀."

"Ta ló kọ àkọsílẹ̀ náà?"

"Ètò kọ̀ǹpútà tí mo ṣe ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀."

"Ta ló ṣe ètò náà?"

Ó ti rí ibi tí ìbéèrè náà ń lọ. "Èmi ni, mà."

Ínsípẹ́kítọ̀ Àṣàbí Abọ́dúndé yí àga rẹ̀ díẹ̀ kí etí rẹ̀ ọ̀tún lè kọjú sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìgbéraga ló ń mú un kọ ẹ̀gbẹ́ sí wọn bí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àìsàn kan tó ṣe é nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà ló mú etí òsì rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń fi etí kan ṣoṣo gbé ayé a máa gbọ́ ìró, ṣùgbọ́n kì í mọ ibi tí ìró náà ti wá. Bí wọ́n bá pe Àṣàbí ní títì, yóò yípo tán kó tó rí ẹni tó pè é. Nítorí ìyẹn ló ṣe kọ́ ara rẹ̀ láti máa fiyè sí irú ìró tó jẹ́, kó fi ibi tó ti wá sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́tìí méjì.

Ọjọ́ Túsìdeè ni ọjọ́ náà. Ní Sátidé tó ṣáájú rẹ̀ ni Àlhájà Ìdíátù, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin tó ń ran fìlà ní Mushin, kú sí ilé-ìwòsàn aládàáni kan ní Ìdí-Àràbà. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń dà á láàmú. Wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú, ara rẹ̀ sì ti ń yá. Ṣùgbọ́n ọ́síjìn inú sílíńdà tán lójú oorun rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó pààrọ̀ rẹ̀. Dókítà Akínọlá tó ni ilé-ìwòsàn náà sọ fún ọlọ́pàá pé áláàmù tó yẹ kó ké kò ké rárá. Múrítàlá tó ń mójú tó àwọn sílíńdà sọ pé ẹ̀gbẹ́ ìyá náà gan-an lòun jókòó sí, pé òun ò gbọ́ nǹkan kan. Lubabah, ọmọ olóògbé, fi ẹ̀sùn kan ẹni tó ṣe áláàmù náà. Ní ọjọ́ Àìkú ni wọ́n lọ mú ọ̀dọ́mọkùnrin náà, Àánúolúwapọ̀ Ọláìtán, ní ọ́fíìsì kékeré tó háyà ní Yaba, tí wọ́n sọ ọ́ sí àtìmọ́lé.

"Ṣàlàyé nǹkan náà fún mi bí ìgbà tí ò ń ṣàlàyé fún ìyá rẹ," ni Àṣàbí wí.

Àánú nu ojú. "Irin kékeré kan wà lẹ́nu sílíńdà, mà. Òun ló ń wo bí ọ́síjìn ṣe kù sí. Tó bá ti ń tán lọ, á sọ fún ètò mi, ètò mi á ní kí kọ̀ǹpútà mẹ́ta dún lẹ́ẹ̀kan náà: ti yàrá aláìsàn, ti yàrá oògùn, àti ti ọ́fíìsì dókítà lókè. Wọ́n á máa dún ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin mẹ́rin, títí ẹnì kan á fi tẹ 'Mo ti gbọ́' lórí ọ̀kan nínú wọn. Tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ níbì kan, gbogbo wọn á dákẹ́."

"Irú ìró wo ni wọ́n ń dún?"

Ọmọkùnrin náà gbójú sókè. Láti ọjọ́ mẹ́ta tó ti wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í ní ìyẹn.

"Wọn kì í dún bákan náà, mà. Ohun tó ń gbé kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣiṣẹ́ yàtọ̀ síra. Èyí tó wà ní yàrá oògùn ń lo Wíńdòsì. Lórí ìyẹn, mo lè sọ bí ìró ṣe máa ga tó àti bó ṣe máa pẹ́ tó. Mo ní kó dún lókè, kó tún dún nísàlẹ̀. Ti yàrá aláìsàn ń lo Línọ́ọ̀sì. Lórí ìyẹn, àmì kékeré kan wà tí à ń pè ní agogo, ó ti wà kí wọ́n tó bí wa. Màá fi àmì náà ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà á dún 'kó' lẹ́ẹ̀kan. Ti dókítà, Máàkì ni. Mi ò lè yan ohùn fún ìyẹn. Mo kàn lè ní kó dún ni, ohùn tó bá wu ẹni tó ni ín ló máa fi dún."

"Ohùn wo ló wu dókítà?"

"Mi ò mọ̀, mà. Lọ́jọ́ tí mo lọ síbẹ̀, kò tíì yan nǹkan kan."

"Àkọsílẹ̀ rẹ ńkọ́? Ó sọ ẹni tó tẹ 'Mo ti gbọ́'?"

"Aago nìkan ni mo ní kó máa kọ. Ó dún ní méjì kọjá mọ́kànlá, wọ́n pa á ní méjì kọjá méjìlá." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mi ò rò ó pé á di ohun tí ẹnikẹ́ni máa béèrè."

Sájẹ́ǹtì Ṣítù tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wúkọ́ díẹ̀. Ó kù ọdún kan kó fẹ̀yìn tì, ó sì ti rí ọ̀pọ̀ afurasí tí ń fi ìwé ara wọn gbe ara wọn lẹ́sẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Ṣítù," ni Àṣàbí wí, "ẹ bá mi gbé mọ́tò jáde. A ń lọ gbọ́ ọ."

*

Yàrá kékeré tí Àlhájà Ìdíátù kú sí kò ju ibùsùn kan àti àga kan lọ. Wọ́n ti ká aṣọ kúrò lórí ibùsùn náà. Kọ̀ǹpútà náà wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, sílíńdà kò sì ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí i.

Àánú fi ọwọ́ méjèèjì tẹ bọ́tìnnì, ó ní kí ètò náà ṣe bí ẹni pé ọ́síjìn ti tán. Ọ̀rọ̀ pupa jáde lójú kọ̀ǹpútà. Kò sí ìró kankan.

Ó tún un ṣe. Kò dún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé etí lé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà bí ẹni tó ń wá ọkàn tó ń lù. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Màdáámù, ọ̀rọ̀ parí," ni Ṣítù sọ ní ohùn jẹ́jẹ́. "Kò dún lónìí, kò dún ní Sátidé. Dókítà ò purọ́."

"Kì í ṣe kọ̀ǹpútà tí mo bá níbí nìyí," ni Àánú wí láti ilẹ̀. "Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ẹni tó ṣètò tuntun yìí ti pa agogo rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń pa á nítorí ariwo. Wọ́n pè mí kí n fi ètò náà sórí rẹ̀. Láti Yaba ni mo ti ṣe é, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo rí i pé ó ń ṣiṣẹ́." Ó gbé ọwọ́ lé orí. "Mi ò wá. Mi ò wá síbí wá gbọ́ ọ."

Àṣàbí gbé etí sókè. Ó ti gbọ́ nǹkan kan, kò sì mọ ibi tó wà. Ìró kan ga, òmíràn wálẹ̀ tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, wọ́n tún dún. Ilẹ̀kùn tó dojú kọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣí, obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun yọjú.

"Ẹ dákun, ta ló tún ń tẹ nǹkan yìí?"

Salome ni orúkọ rẹ̀, òun ló ń pín oògùn. Àṣàbí tẹ̀lé e wọ inú yàrá oògùn, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ ní 'tún', Àǹtí Salome. Ìgbà wo ló dún kẹ́yìn?"

"Ó dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní àárọ̀ Sátidé. Rọ́bà ẹnu sílíńdà ló ń yọ̀, kì í ṣe pé ọ́síjìn tán."

"Lọ́sàn-án ńkọ́?"

Obìnrin náà wo òkè àjà, níbi tí ọ́fíìsì dókítà wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to páálí oògùn tó ti wà ní títò tẹ́lẹ̀.

"Dókítà ní kí n má dá sí ohun tí mi ò mọ̀."

"Ohun tí ẹ mọ̀ ni mo wá béèrè."

Salome dáwọ́ dúró. "Ó dún. Mo ń ka oògùn fún ẹnì kan lọ́wọ́. Mo ní kí n kà á tán kí n lọ wò ó, nọ́ọ̀sì wà lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n ń di ojú ọgbẹ́ fún. Kí n tó dìde, ó ti dákẹ́. Mo ní, ó dáa, ẹnì kan ti lọ bá wọn." Omi ti dé ojú rẹ̀. "Ohun tí mo rò nìyẹn. Mo rò pé ẹnì kan ti lọ."

Nígbà tí Àṣàbí jáde, Ṣítù ń dúró dè é.

"Ọmọ yẹn kò purọ́," ni Àṣàbí sọ fún un. "Ó dún, ẹnì kan sì pa á. Ibi mẹ́ta péré ni wọ́n ti lè pa á. Salome kò pa á."

"A jẹ́ pé Múrítàlá ni. Ó rí ọ̀rọ̀ pupa yẹn níwájú rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbàgbé."

"Ẹ wo sílíńdà, ẹ̀gbọ́n. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni. Ẹni tó jókòó ti aláìsàn, tó rí i kà pé ọ́síjìn ti ń tán, kí ló máa dí i lọ́wọ́?"

Wọ́n pe Múrítàlá. Ẹni ogójì ọdún ni, ó tóbi léjìká, ohùn rẹ̀ sì kéré sí ara rẹ̀. Kò wo inú yàrá náà bó ti ń sọ̀rọ̀.

"Ibí ni mo wà, mà. Mi ò kúrò."

"Láti aago mélòó?"

"Láti aago kan títí wọ́n fi... títí mo fi rí i pé ètè wọn ti yí padà."

"Ta ló rí ẹ níbẹ̀?"

Ó ronú. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó rántí pé kọ́kọ́rọ́ wà lápò òun. "Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí ọmọ wọn lórí Wáàsáàpù. Mo sọ fún wọn pé mo wà lọ́dọ̀ Màmá. Ẹ lọ bi wọ́n léèrè."

*

Ní Mushin, ẹ̀rọ ìránṣọ Àlhájà Ìdíátù ṣì wà lẹ́nu fèrèsé, fìlà kan tí kò tíì parí sì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Àwọn tó wá bá wọn dárò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ ni. Lubabah, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, fi ìborí dúdú bo orí, ó sì jókòó ti ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

"Ẹ ti mú ẹni tó pa màmá mi," ni ó wí. "Kí lẹ tún ń wá?"

"Mo fẹ́ mọ̀ dájú ni, Àǹtí. Wọ́n ní Múrítàlá fi ohùn ránṣẹ́ sí yín."

Lubabah kò ní láti wá a. Ohun tó wà lójú fóònù rẹ̀ gan-an nìyẹn. "Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kó tó fi èyí ránṣẹ́. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ló wọlé." Ó tẹ̀ ẹ́.

"Àǹtí Lubabah, ẹ má fòyà. Mo wà lọ́dọ̀ Màmá báyìí. Wọ́n ń sùn. Kò sí wàhálà kankan."

Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án ni. Láàárín ọ̀rọ̀ Múrítàlá, nǹkan kan ké díẹ̀, ó gbẹ, ó kúrú, bí ọ̀nà ọ̀fun tó ń là.

"Ẹ gbọ́ wọn?" ni Lubabah wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Màmá ni. Bí wọ́n ṣe máa ń la ọ̀fun nìyẹn tí oorun bá ń dà wọ́n láàmú. Òun ló kù tí mo ní lára wọn. Mo máa ń gbé e sétí kí n tó sùn."

Àṣàbí tọrọ fóònù náà. Ó gbé e sí etí ọ̀tún, ó pa ojú dé, ó sì gbọ́ ọ. Ó tún un gbọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni nǹkan náà ké. Èkínní wá nígbà tí Múrítàlá dé "ẹ má fòyà". Ìkejì wá lẹ́yìn "wọ́n ń sùn". Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin ló wà láàárín wọn. Èyí tó sì mú ọkàn rẹ̀ dúró ni pé wọn kò yàtọ̀ síra rárá. Ènìyàn lè la ọ̀fun lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ìkejì kò lè ga tó èkínní gẹ́lẹ́, kó pẹ́ tó o gẹ́lẹ́, kó sì dúró níbi tó dúró sí. Ọ̀fun kọ́ nìyẹn.

Kì í ṣe ti yàrá aláìsàn. Ìyẹn kò lóhùn. Kì í ṣe ti yàrá oògùn; ìyẹn ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Ó ku ọ̀kan.

Ó wo obìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀, ó sì gbé e mì. Kò tíì dá a lójú tó láti fi já nǹkan gbà lọ́wọ́ ọlọ́fọ̀.

"Àǹtí, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ má pa á rẹ́."

"Kí ni mo fẹ́ pa á rẹ́ fún?" ni Lubabah wí.

*

Láàárọ̀ Wẹ́síìdeè, Dókítà Akínọlá gba Àṣàbí lálejò ní ọ́fíìsì rẹ̀ lókè. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orí rẹ̀ funfun, ó sì dìde dúró kí obìnrin náà tó jókòó.

"Ó dùn mí gan-an ni," ni ó wí. "Ẹni tí mo gbà pé ó mọṣẹ́ ló já mi kulẹ̀."

"Ibo lẹ wà ní ọ̀sán ọjọ́ náà, sà?"

"Mo ní ìpàdé kan ní Yaba. Aago méjìlá ni mo jáde, mo sì ti ilẹ̀kùn ibí yìí."

"Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló wà?"

"Ẹyọ kan. Ọwọ́ mi ló ń wà."

Àṣàbí wo yíká. Kọ́bọ́ọ̀dù onígi ńlá kan fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Lára ògiri òdìkejì, ibì kan wà tí ọ̀dà rẹ̀ mọ́ ju ìyókù lọ, ó fẹ̀ tó kọ́bọ́ọ̀dù náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ha ilẹ̀ láti ibẹ̀ dé ibí.

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e ni, sà?"

"Àwọn olùbẹ̀wò ìjọba wá ní Mọ́ńdè. A tún ibí ṣe díẹ̀."

"Ó wúwo. Ẹnì kan kò lè dá a gbé."

"Àwọn òṣìṣẹ́ wà."

Ó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù. Ṣítù àti Àánú wà nísàlẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ṣe ní aago mọ́kànlá gééré, Àṣàbí ti sọ ọ́ fún wọn nínú mọ́tò. Ó bi dókítà nípa àwọn ọmọ rẹ̀. Dókítà ń sọ nípa wọn lọ́wọ́ nígbà tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì ké.

Ó gbẹ, ó kúrú, bí ọ̀nà ọ̀fun tó ń là.

Ọwọ́ dókítà ti kọjá lọ tẹ̀ ẹ́ kí ojú rẹ̀ tó débẹ̀. Kò tilẹ̀ dá ọ̀rọ̀ dúró. Ìgbà tó rí bí obìnrin náà ṣe ń wo ọwọ́ rẹ̀ ló tó gbé e kúrò lórí tábìlì.

"Ohùn kí nìyẹn, sà?"

"Ọ̀pọ̀lọ́ ni," ni dókítà wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ọmọ-ọmọ mi ló yàn án nígbà tó wá sọ́dọ̀ mi. Ó máa ń pa á lẹ́rìn-ín."

"Kò sí irú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn nínú ilé yìí?"

"Èmi nìkan ni mo ní Máàkì."

Àṣàbí gbé fóònù rẹ̀ sáàárín wọn, ó sì tẹ̀ ẹ́. "Àǹtí Lubabah, ẹ má fòyà." Ọ̀pọ̀lọ́ náà ké. "Mo wà lọ́dọ̀ Màmá báyìí. Wọ́n ń sùn." Ọ̀pọ̀lọ́ náà tún ké.

"Aago méjì kọjá méjìlá ọjọ́ Sátidé," ni Àṣàbí wí. "Inú ọ́fíìsì yìí ni Múrítàlá ti sọ̀rọ̀ yìí, sà. Inú ọ́fíìsì tẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tó ní wà lọ́wọ́ yín. Tí òun bá wà níbí, ẹ̀yin náà wà níbí. Áláàmù dún. Yàrá aláìsàn kò lóhùn, Salome kò tíì dìde. Ẹnì kan sì tẹ 'Mo ti gbọ́'. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí bí ọwọ́ yín ṣe mọ ọ̀nà ibẹ̀ ni."

Àṣàbí ṣí ilẹ̀kùn, ó ní kí wọ́n pe Múrítàlá.

Ọkùnrin náà dé ẹnu ọ̀nà, ó rí fóònù lórí tábìlì, ó rí ojú ọ̀gá rẹ̀, ó sì fara ti òpó ilẹ̀kùn.

"Sọ ọ́," ni Àṣàbí wí. "Ó ti tó."

"Kọ́bọ́ọ̀dù la ń gbé, mà." Ilẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. "Dókítà pè mí kí n wá bá wọn gbé e. Fóònù mi ń dún, ọmọ Màmá ni, Dókítà ní kí n dá a lóhùn kíákíá. Mo sọ pé mo wà lọ́dọ̀ wọn, torí mo rò pé mi ò ní pẹ́ sọ̀kalẹ̀. Mo ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni nǹkan yìí ń ké. Mo ní, 'Dókítà, sílíńdà Àlhájà nìyẹn.' Wọ́n ní, 'Ó ti dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni kò sí nǹkan kan. Gbá ẹ̀gbẹ́ yẹn mú.' Wọ́n tẹ̀ ẹ́."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo gbá a mú, mà."

Ó na ọwọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù náà.

"Kò wọlé sí àyè rẹ̀. A tún gbé e padà, a wọ̀n ọ́n, a tún gbé e. Aago méjì ààbọ̀ ti kọjá kí n tó sọ̀kalẹ̀. Mo pààrọ̀ sílíńdà náà. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mà, ṣùgbọ́n Màmá ti lọ."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ sọ pé kò dún?"

Múrítàlá wo ọ̀gá rẹ̀. Kò pọn dandan kó dárúkọ ẹnikẹ́ni.

"Ogún ọdún ni mo fi kọ́ ibí yìí," ni Dókítà Akínọlá wí níkẹyìn. Ohùn rẹ̀ kò le mọ́. "Ogún ọdún, mi ò pàdánù ẹnì kan nítorí àìbìkítà. Mo rò pé ohun tó bàjẹ́ ti bàjẹ́, Ínsípẹ́kítọ̀. Mo rò pé tí mo bá sọ òtítọ́, ìyá náà ò ní jí."

"Ọmọ kan sùn ní àtìmọ́lé fún òru mẹ́ta, sà. Òun wà láàyè."

Dókítà tú stẹ́tósíkóòpù kúrò lọ́rùn, ó ká a, ó sì gbé e sórí tábìlì. Ó bọ́ sí iwájú àwọn méjèèjì, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ bá Ṣítù.

*

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni Lubabah wá sí tésàn. Àṣàbí kò ní kó jókòó sí iwájú tábìlì. Ó gbé àga tirẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pa mọ́. Nígbà tó dé ibi ọ̀pọ̀lọ́, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́.

"Ìyẹn ni pé kì í ṣe Màmá," ni Lubabah wí.

"Kì í ṣe Màmá, Àǹtí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Lubabah gbé fóònù náà dání títí. Ó fi àtàńpàkò nu ojú fóònù náà bí ẹni pé eruku wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ló dojú rẹ̀ bo orí itan. Ó sunkún láìpariwo, Àṣàbí sì jókòó tì í títí tó fi tán.

Wọ́n mú Àánú jáde nígbà tí wọ́n ti kọ ìwé ìtúsílẹ̀ rẹ̀. Bó ti rí ẹni tó wà nínú yàrá náà, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, bàtà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́.

"Dìde," ni Lubabah wí.

Kò dìde. "Mà, ti yàrá Màmá kò dún lóòótọ́. Ká ní ó dún, bóyá nọ́ọ̀sì ì bá gbọ́ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ kọ̀ǹpútà, mi ò lọ wò ó. Mo jókòó sí Yaba, mo gbà pé ohun tó ń dún lọ́dọ̀ mi ń dún níbi gbogbo."

Obìnrin náà wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó kéré ju bó ti rò lọ. Láti Sátidé ló ti ń bínú sí orúkọ kan, kò mọ̀ pé ẹni tó ń jẹ́ ẹ kò tíì ju ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ.

"Ínsípẹ́kítọ̀," ni ó wí, kò gbójú kúrò lára rẹ̀, "ṣé àwọn aláìsàn ṣì wà nílé-ìwòsàn yẹn?"

"Mẹ́rin. Wọ́n ti rí dókítà mìíràn tó ń tọ́jú wọn."

"Àwọn tó wà lórí ọ́síjìn ńkọ́?"

"Méjì."

Lubabah gbé ìborí rẹ̀ tó ti sún sẹ́yìn padà sí iwájú orí. "Ṣé ìwọ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ? Méjì. Kí lo wá ń ṣe nílẹ̀ níbí?"

Àánú dìde. Ó wọ bàtà, kò tilẹ̀ so okùn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Ṣítù," ni Àṣàbí wí, "ẹ bá mi gbé e lọ sí Ìdí-Àràbà. Ẹ má kúrò níbẹ̀ títí ẹ̀yin náà á fi gbọ́ ọ."